Ṣé àwọn tó kọ òfin Amẹ́ríkà gbàgbé ẹ̀tọ́ ará ìlú ni?

Ìyá Tóbi, Maryland

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń múra ìdánwò tí wọ́n máa ń ṣe fún ẹni tó fẹ́ di ọmọ onílùú Amẹ́ríkà. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n pè mí. Mo ti há ọ̀pọ̀ sórí: ta ni ààrẹ àkọ́kọ́, ọdún wo ni wọ́n kọ òfin ilẹ̀ yìí (1787), àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbéèrè kan wá wà níbẹ̀ tó ń yọ mí lẹ́nu. Wọ́n ní kí ni à ń pe àtúnṣe mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe sí òfin náà. Bill of Rights ni ìdáhùn rẹ̀, ìyẹn Ìwé Ẹ̀tọ́. Mo mọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ "àtúnṣe" ni kò yé mi. Èèyàn kì í tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe. Ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀, ẹ̀tọ́ láti sin Ọlọ́run bó ṣe wuni, pé kí ọlọ́pàá má ṣàdédé já wọ ilé onílé, ṣé irú nǹkan báyìí ló yẹ kí wọ́n lọ kọ sẹ́yìn ìwé? Àbí wọ́n gbàgbé ni? Ọmọ mi obìnrin ní wọn ò gbàgbé, pé tíṣà àwọn sọ pé wọ́n fi í sílẹ̀ ni. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní àwọn ò tíì dé ibẹ̀.

Àrẹ̀mú77

Ìyá Tóbi, ẹ há a sórí, ẹ gba ìwé yín, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Àwọn tó kọ ọ́ ní ẹrú nílé. Ẹ̀tọ́ ta ni wọ́n fẹ́ kọ?

Tíṣà Àgbà, Ìbàdàn

Àrẹ̀mú, ohun tí o sọ kì í ṣe irọ́, a ó sì padà dé orí rẹ̀. Jẹ́ ká kọ́kọ́ dá ìyá lóhùn. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn, mi ò rántí pé ẹnì kan nínú wọn bi mí ní èyí rí.

Wọn ò gbàgbé o. Wọ́n gbé e síwájú ìjókòó, wọ́n dìbò, wọ́n ní àwọn ò ṣe.

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1787 ni. Láti ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ni wọ́n ti wà nínú gbọ̀ngàn yẹn ní Philadelphia, tí wọ́n ti fèrèsé pa nínú ooru kí ará ìta má baà gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Aṣojú 55 láti àwọn ìpínlẹ̀ ló wá lápapọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ti lọ sílé nígbà yẹn, ilé sì ń pe àwọn tó kù. Ìgbà náà ni George Mason, àgbàlagbà kan láti Virginia, sọ pé ó wu òun kí ìwé náà ní àkọsílẹ̀ ẹ̀tọ́ níwájú. Ó ní wákàtí díẹ̀ ni yóò gbà, nítorí àpẹẹrẹ wà nílẹ̀. Ó sì mọ ohun tó ń sọ, torí òun gan-an ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú Ìkéde Ẹ̀tọ́ ti Virginia ní oṣù Kẹfà 1776. Elbridge Gerry láti Massachusetts dábàá pé kí wọ́n yan ìgbìmọ̀ fún un. Roger Sherman láti Connecticut ní kò pọn dandan: ìkéde ẹ̀tọ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ ti ní ṣì wà níbẹ̀, òfin tuntun ò fagi lé e. Wọ́n dìbò. Kò sí ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo tó gbà pẹ̀lú Gerry àti Mason.

Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, èèyàn 39 fọwọ́ síwèé. Mason kọ̀, Gerry kọ̀, Edmund Randolph tó jẹ́ gómìnà Virginia náà kọ̀.

Ẹ fi orúkọ Sherman yẹn sọ́kàn. Ó ń padà bọ̀.

Ìyá Tóbi, Maryland

Háà! Wọ́n tiẹ̀ dìbò sí i! Ẹ ṣeun gan-an sà. Ṣùgbọ́n kí ló dé? Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ọba Gẹ̀ẹ́sì jagun tán nítorí ẹ̀tọ́?

Lọ́yà Àkúrẹ́

Ìyá, àìsàn tó gbé wọn lọ sí Philadelphia kì í ṣe ti ìjọba tó lágbára jù. Ti ìjọba tí kò lágbára rárá ni. Òfin àkọ́kọ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ 13 fi so ara wọn pọ̀, èyí tó fìdí múlẹ̀ ní 1781, kò fún Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ilé aṣòfin wọn, láṣẹ láti gba owó orí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀bẹ̀ ló kù tó lè bẹ àwọn ìpínlẹ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ tún òfin náà ṣe, gbogbo àwọn 13 ló gbọ́dọ̀ gbà, bẹ́ẹ̀ Rhode Island nìkan ti bẹ́gi dínà owó orí ọjà tí wọ́n fẹ́ máa gbà nígbà kan. Àwọn tó ja ogun òmìnira ò rí owó wọn gbà bó ṣe yẹ. Ní 1786 wọ 1787, àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Massachusetts tí gbèsè àti owó orí ti wọ̀ lọ́rùn gbé ìbọn, wọ́n ń lọ ti ilé ẹjọ́ pa kí wọ́n má baà rí ilẹ̀ wọn gbà. Daniel Shays tó ti jẹ́ ọ̀gá sójà nínú ogun yẹn wà lára aṣíwájú wọn. Ìjọba àpapọ̀ ò rówó kó sójà jọ. Àwọn oníṣòwò Boston ló dáwó tí wọ́n fi san owó àwọn tó lọ tú wọn ká.

Torí náà, lójú wọn, ilé ló fẹ́ wó. Ẹni tí ilé rẹ̀ fẹ́ wó kì í kọ́kọ́ ronú kan kọ́kọ́rọ́.

Wọ́n tún ní àríyànjiyàn òfin tó dán mọ́nrán. Alexander Hamilton kọ ọ́ ní 1788 pé ìjọba yìí ò ní agbára kankan ju èyí tí ìwé fún un lọ. Ibo ni wọ́n ti fún un láṣẹ lórí ìwé ìròyìn? Kò sí. Kí la wá ń kọ ọ́ sí pé kó má fọwọ́ kan ìwé ìròyìn? Bí a bá kọ ọ́, ẹni tó ń wá agbára yóò ní ó hàn pé agbára ọ̀hún wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń dènà rẹ̀. Àwọn kan tún ń bẹ̀rù pé ẹ̀tọ́ tí a bá gbàgbé láti kà, wọn yóò ní kò sí. (Ìyẹn ló bí àtúnṣe kẹsàn-án, tó sọ pé bí a ṣe ka àwọn kan ò pa àwọn tó kù rẹ́.)

Ẹ má sì jẹ́ ká purọ́ mọ́ wọn, òfin 1787 ò ṣófo. Ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n tì mọ́lé wá síwájú adájọ́, kí wọ́n sọ ìdí tí wọ́n fi tì í, wà níbẹ̀. Júrì, ìyẹn àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti dá ẹjọ́, wà níbẹ̀ fún ẹjọ́ ọ̀daràn. Wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe òfin lónìí kí wọ́n fi mú ẹni tó ṣe nǹkan lánàá. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ bi èèyàn ní ẹ̀sìn rẹ̀ kí wọ́n tó fún un níṣẹ́ ìjọba.

Àrẹ̀mú77

Lọ́yà, ẹ gbìyànjú. Ìdí kan kù tí ẹ ò fẹnu bà.

Ní oṣù Kìíní 1788, nílé aṣòfin South Carolina, ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀tọ́ tó sọnù yìí délẹ̀. Charles Cotesworth Pinckney, ọ̀kan nínú àwọn tó fọwọ́ síwèé ní Philadelphia, ló dáhùn. Lára ohun tó sọ ni pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pé òmìnira la bí gbogbo èèyàn sí, pé kò ní dára lẹ́nu àwọn láti sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí apá ńlá nínú dúkìá àwọn jẹ́ èèyàn tí wọ́n bí sínú ẹrú. Gbangba ló ti sọ ọ́. Nínú gbogbo wọn, òun ni mo fẹ́ràn jù. Kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

Ẹ wá inú òfin 1787 látòkè délẹ̀, ẹ ò ní rí ọ̀rọ̀ náà "ẹrú". "Àwọn èèyàn yòókù" ni wọ́n pè wọ́n. Tí wọ́n bá ń ka orí láti mọ iye aṣojú ìpínlẹ̀, márùn-ún nínú "àwọn èèyàn yòókù" di mẹ́ta. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ò gbọ́dọ̀ fòfin de kíkó wọn wọlé títí di 1808. Èyí tó bá sá lọ sí ìpínlẹ̀ míì, kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ọdún 1865 ni ọ̀rọ̀ ẹrú tó fojú hàn nínú òfin wọn, nígbà tí wọ́n ń fòpin sí i.

George Washington tó ṣe alága àpérò yẹn ńkọ́? Ní 1796 tó ti di ààrẹ, ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ẹrú nílé rẹ̀, Ona Judge, bá ilẹ̀kùn jáde ní Philadelphia, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí New Hampshire. Washington rán èèyàn wá a ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọn ò rí i mú. Ibẹ̀ ló kú sí ní 1848. Lójú òfin, ẹrú ni títí ó fi kú.

Ọmọ Ọ̀yọ́

Gbogbo èyí tí òyìnbó ń pariwo yìí, a ti ní in ní Ọ̀yọ́ Ilé kí wọ́n tó bí Mason. Aláàfin ò lè ṣe bó ṣe wù ú. Ọ̀yọ́mèsì wà, Baṣọ̀run wà. Ọba tó bá ṣàṣejù, wọ́n á ṣí igbá fún un, òun náà á mọ ohun tó kàn.

Tíṣà Àgbà, Ìbàdàn

Ọmọ Ọ̀yọ́, mo ń retí rẹ. Ní 1787 tí wọ́n jókòó yẹn gan-an, Abíọ́dún ló wà lórí ìtẹ́ ní Ọ̀yọ́. Rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Baṣọ̀run Gáà ti fi igbá yẹn rán ọba mélòó kan lọ sọ́run, àfìgbà tí Abíọ́dún wá rẹ́yìn rẹ̀ ní 1774. Ọ̀yọ́mèsì dí ọba lọ́wọ́, òótọ́ ni. Ta ló dí Gáà lọ́wọ́? Kí tálákà ní ohun tó lè dì mú nígbà tí àwọn alágbára bá ń jà, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn.

Pé wọ́n kọ́ ọ lọ́dọ̀ wa, rárá o. Àwọn kan ń tọ́ka sí àwọn Iroquois, onílẹ̀ tí orílẹ̀ mẹ́fà wọn so pọ̀ di ọ̀kan. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tiẹ̀ ṣe ìpinnu láti yìn wọ́n lórí rẹ̀ ní 1988. Àwọn onítàn ṣì ń fà á. Èmi ò rí ibi tó ti hàn nínú ìwé òfin náà.

Ibi tí ilẹ̀ wa ti kan ọ̀rọ̀ náà ni ibi tí Àrẹ̀mú fọwọ́ bà. Lásìkò Abíọ́dún kan náà, Ọ̀yọ́ ń kó èèyàn lọ tà ní èbúté Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Bí 1808 ṣe ń sún mọ́lé, South Carolina tún ṣí èbúté rẹ̀ ní ìparí 1803, wọ́n sì kó nǹkan bí 40,000 èèyàn wọ Charleston láti Áfíríkà kí gbèdéke tó pé. Àwọn tiwa ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú wọn, Brazil àti Kúbà ni ọ̀pọ̀ wọn bá lọ. Ṣùgbọ́n ọjà kan náà ni.

Ìyá Tóbi, Maryland

Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi padà sí Philadelphia. Wọ́n ti ní àwọn ò ṣe. Báwo ló ṣe wá dé ẹ̀yìn ìwé?

Tíṣà Àgbà, Ìbàdàn

Wọ́n fi agbára gbà á lọ́wọ́ wọn ni. Ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé náà kó tó di òfin. Delaware kọ́kọ́ gbà ní oṣù Kejìlá 1787, àwọn kan tẹ̀ lé e kíákíá. Nígbà tó dé Massachusetts, ó há. Àwọn tí kò fẹ́ ẹ ní ọ̀pọ̀ ẹjọ́, àmọ́ ọ̀kan ló ń wọ ará ìlú létí jù: ìwé ẹ̀tọ́ dà? Àgbẹ̀ tí kò bìkítà nípa iye aṣojú ìpínlẹ̀ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ni wọ́n bá dúnàádúrà. Ẹ gbà á báyìí, a ó kọ àtúnṣe tí ẹ ń fẹ́ mọ́ ọn, kí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tó bá wọlé ṣe é. John Hancock tó jẹ́ gómìnà, tó ti jókòó sílé pé ẹsẹ̀ ń dun òun títí ọ̀rọ̀ fi fẹ́ yanjú, ni wọ́n ní kó wá ka àbá náà. Èèyàn 187 gbà, 168 kọ̀. Virginia náà gba ọ̀nà yẹn, 89 sí 79. New York, 30 sí 27. Ẹ wo bó ṣe sún mọ́ra tó! North Carolina kọ̀ ní 1788, ó di ọdún kejì kó tó gbà. Rhode Island tí kò tilẹ̀ rán ẹnikẹ́ni lọ sí Philadelphia dé ní 1790, ìbò méjì péré ló fi wọlé.

Ẹ wá wo James Madison. Ọkùnrin kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ ò ròkè. Iṣẹ́ tó ṣe lórí òfin 1787 ò kéré, òun náà sì wà lára àwọn tí kò ka ìwé ẹ̀tọ́ sí. Ó kọ̀wé sí Thomas Jefferson, aṣojú ilẹ̀ wọn ní Paris, pé ìdènà orí bébà lásán ni, pé ní Virginia òun ti rí i tí àwọn tó pọ̀ jù ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbàkígbà tó bá dí wọn lọ́nà. Jefferson fèsì pé ààbọ̀ búrẹ́dì sàn ju kó má sí rárá, pé ìwé náà yóò fún àwọn adájọ́ ní ohun tí wọ́n lè fi dá ìjọba dúró. Àwọn kan ní lẹ́tà yìí ló yí Madison lọ́kàn padà. Èmi, ìbò ni mo rò. Nígbà tó ń du ipò aṣojú-ṣòfin ní ìbẹ̀rẹ̀ 1789, James Monroe ló kò lójú. Ìjọ Onítẹ̀bọmi pọ̀ ní agbègbè náà, bẹ́ẹ̀ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ju àwọn oníwàásù wọn sẹ́wọ̀n ní Virginia pé wọ́n ń wàásù láìgbàṣẹ. Àwọn yẹn fẹ́ kí ẹ̀tọ́ ẹ̀sìn wà lákọsílẹ̀, wọn ò fẹ́ àlàyé. Madison kọ lẹ́tà sí pásítọ̀ wọn kan, ó ṣèlérí. Ìbò 336 ló fi borí Monroe.

Ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ o. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà 1789 ló gbé àbá rẹ̀ wá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí ló ń kán an lójú, owó tí ìjọba tuntun máa ná làwọn ń wá. Ó tẹra mọ́ ọn. Ìyá Tóbi, ibi tí ìbéèrè yín wà rèé: Madison ò fẹ́ kí ó wà lẹ́yìn ìwé. Ó fẹ́ kí wọ́n ki ẹ̀tọ́ kọ̀ọ̀kan bọ àárín òfin gan-an, níbi tó tọ́ sí i. Ẹni tó ní rárá ni Roger Sherman yẹn. Ó ní èyí dà bí kí èèyàn po idẹ, irin àti amọ̀ pọ̀. Kí ìwé àkọ́kọ́ dúró bó ṣe wà, kí tuntun wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ, tirẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ lé.

Ẹni tó ní kò pọn dandan ló sọ ọ́ di ohun tí ń dá dúró. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ti Madison, yóò fọ́n káàkiri inú òfin ni, kì bá tí sí mẹ́wàá kankan tí ẹ máa há sórí.

Ìyá Tóbi, Maryland

Mo ti pe ọmọ mi wá kà á. Ó ní òun máa lọ bi tíṣà òun bóyá ó mọ Sherman. 😂

Bísí, Houston

Àtàárọ̀ ni mo ti ń ka èyí lẹ́nu iṣẹ́. Mo wálé lọ́dún tó kọjá, wọ́n dá ọkọ̀ wa dúró lójú ọ̀nà, àwọn agbófinró kan gba fóònù lọ́wọ́ àbúrò mi ọkùnrin, wọ́n ń tú WhatsApp rẹ̀ wò, wọ́n ń bi í pé níbo ló ti rówó ra fóònù. Kò sí ìwé àṣẹ, kò sí ẹ̀sùn kankan. Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí irú àtúnṣe kẹrin wọn yẹn, tó ní kí wọ́n má ṣàdédé tú ilé tàbí ẹrù èèyàn wò, nílé ni? Ṣebí Amẹ́ríkà la ti da tiwa kọ?

Lọ́yà Àkúrẹ́

Pẹ̀lẹ́ o, àǹtí Bísí. Ó wà. Abala 37 nínú òfin 1999 sọ pé àṣírí ọmọ Nàìjíríà, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó bá sọ lórí fóònù wà lábẹ́ ààbò. Àmọ́ kì í ṣe Amẹ́ríkà la ti mú un. Ètò ààrẹ tí à ń lò láti 1979, ìyẹn la wò lára wọn. Orí Kẹrin, ibi tí ẹ̀tọ́ wà nínú òfin wa, ti wà ṣáájú. Ní 1957, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ kan tí Henry Willink ṣe alága rẹ̀ láti gbọ́ ẹ̀dùn àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ń bẹ̀rù ohun tí ojú wọn máa rí lẹ́yìn òmìnira. Ìpínlẹ̀ tiwọn ni púpọ̀ nínú wọn ń bèèrè. Ìgbìmọ̀ náà ò dá ìpínlẹ̀ fún wọn, ó ní kí wọ́n kọ ẹ̀tọ́ sínú òfin. Àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ti Yúróòpù, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Róòmù ní 1950, ni wọ́n sì wò kọ ọ́. Ó jọ ti Massachusetts: àwọn kan ń bẹ̀rù ìjọba tó ń bọ̀, wọ́n fi ìwé ẹ̀tọ́ tù wọ́n nínú.

Ibi tó ti yàtọ̀ ni pé lára tiwọn, èèyàn lè fi ìka tọ́ ojú àpá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àtúnṣe kẹrin, torí ó bá ọ̀rọ̀ fóònù yẹn mu.

Kọ́sítọ́ọ̀mù ọba ní Boston máa ń lo ìwé àṣẹ kan tí kò lórúkọ ilé, tí kò lórúkọ onílé. Ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ lè wọ ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé tó bá wù ú, kó wá ẹrù fàyàwọ́, lọ́jọ́ tó bá wù ú. Kò ní ọjọ́ tó máa tán, àfi tí ọba bá kú: oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ikú ọba, ó di òkú ìwé. Ọba George Kejì wá kú ní oṣù Kẹwàá 1760. Wọ́n fẹ́ gba tuntun. Àwọn oníṣòwò ní lákọọ́lá. James Otis, tó kọ̀wé fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ torí kò fẹ́ gbèjà ìwé yẹn, ló bá wọn rojọ́ ní oṣù Kejì 1761. Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí mélòó kan pé ilé èèyàn ni odi rẹ̀, pé ìwé àṣẹ tí kò dárúkọ ẹnì kan fi gbogbo ará ìlú sábẹ́ ọwọ́ òṣìṣẹ́ kékeré. Ẹjọ́ náà ò bọ́ sí i, wọ́n ṣì fún wọn níwèé. Ọ̀dọ́mọkùnrin lọ́yà ẹni ọdún 25 kan jókòó síbẹ̀ tó ń kọ nǹkan sílẹ̀, John Adams ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tó darúgbó, ó kọ ọ́ pé inú iyàrá yẹn ni wọ́n bí òmìnira sí. Òun ló kọ òfin Massachusetts ti 1780 tó ní kí ìwé àṣẹ sọ ibi àti ohun tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà gbà dé inú àtúnṣe kẹrin.

Àwọn tó kù ń bẹ bẹ́ẹ̀. Àtúnṣe kẹta ní wọn ò gbọ́dọ̀ kó sójà sílé onílé lásìkò àlàáfíà bí onílé ò bá gbà, torí òfin ọba tó ní kí wọ́n wá ibùgbé fún sójà. Ọ̀rọ̀ júrì gba ibi púpọ̀ torí wọ́n máa ń gbé ẹjọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù lọ sílé ẹjọ́ tí kò ní júrì. Ti kẹjọ, lórí owó béèlì, owó ìtanràn àti ìyà tó rorò, ọ̀rọ̀ inú òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1689 ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dà kọ bó ṣe wà. Pé kí wọ́n má gba ẹ̀mí, òmìnira tàbí dúkìá ẹnì kan láìgba ọ̀nà òfin, ìyẹn ti wá láti Magna Carta, ìwé àdéhùn ọba Gẹ̀ẹ́sì ti 1215, níbi tí àwọn ìjòyè ti bínú sí Ọba John. Àwọn ìjòyè yẹn, ara wọn ni wọ́n ń rò o.

Bísí, Houston

Ẹ ṣé sà. Ẹni tó gba fóònù yẹn ò mọ̀ pé ẹnì kan ń jẹ́ Willink.

Àrẹ̀mú77

Ẹ má jẹ́ ká ṣe bí ẹni pé ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Nínú àwọn àbá Madison, ọ̀kan wà tó ní ìpínlẹ̀ kankan náà ò gbọ́dọ̀ tẹ ẹ̀rí ọkàn, ìwé ìròyìn tàbí júrì mọ́lẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ìyẹn níyì jù nínú gbogbo rẹ̀. Ilé aṣòfin àgbà wọ́gi lé e. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ọkùnrin kan ní Baltimore, John Barron, ní èbúté tí ọkọ̀ ti ń já ẹrù. Iṣẹ́ ojú títì tí ìjọba ìlú ń ṣe mú kí yanrìn kún ibẹ̀, ọkọ̀ ò lè sún mọ́ ọn mọ́. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́ pé Ìwé Ẹ̀tọ́ ní wọn ò gbọ́dọ̀ gba dúkìá òun láìsanwó. Ní 1833, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ìwé yẹn dè, kò de ìpínlẹ̀ tàbí ìlú. Ẹ wá ronú ẹni tó wà ní Gúúsù nígbà yẹn, tó jẹ́ pé ìpínlẹ̀ ni gbogbo ohun tó ń fojú rí.

Bísí, Houston

Àmọ́ ẹ parí ìtàn náà, bọ̀dá Àrẹ̀mú. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, àtúnṣe kẹrìnlá dé ní 1868, ó kọjú sí àwọn ìpínlẹ̀. Ó tún pẹ́ kí ilé ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀tọ́ kọ̀ọ̀kan dè wọ́n, díẹ̀díẹ̀ ni, láti bí ọdún 1920 sókè. Èyí tí mo fẹ́ràn ni ti Clarence Gideon ní Florida. Ní 1961 wọ́n ní ó já wọ ibi tí wọ́n ti ń gbá búlíádì, ó jalè. Ó bẹ adájọ́ pé kí wọ́n fún òun ní lọ́yà, kò lówó. Adájọ́ ní òfin Florida ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ro ẹjọ́ ara rẹ̀, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Inú ẹ̀wọ̀n ló ti fi pẹ́ńsù kọ̀wé sí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ. Ní 1963 wọ́n dá a láre: ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ fún tálákà ní lọ́yà. Wọ́n tún ẹjọ́ rẹ̀ gbọ́, lọ́yà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, júrì ní kò jẹ̀bi.

Àrẹ̀mú77

Ọdún 172 láàárín 1791 àti 1963. Mi ò sọ nǹkan kan.

Ìyá Tóbi, Maryland

Mo rí i níbì kan pé méjìlá ni Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ìpínlẹ̀. Àwọn mẹ́wàá ló di òfin ní oṣù Kejìlá 1791. Àwọn méjì yòókù ńkọ́?

Tíṣà Àgbà, Ìbàdàn

Òótọ́ ni. Ilé aṣojú-ṣòfin fi 17 ránṣẹ́, ilé aṣòfin àgbà gé e sí 12, ìpínlẹ̀ mú 10. Ọ̀kan nínú méjì náà dá lórí iye èèyàn tí aṣojú kan máa ṣojú fún, kò tíì wọlé títí dòní. Ìkejì ní àwọn aṣòfin ò lè fi kún owó oṣù ara wọn kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ìdìbò míì tó wáyé. Bísí, ìwọ tó wà ní Texas, parí ẹ̀ fún wọn.

Bísí, Houston

Ẹ ti rí mi mú sà. Ní 1982, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Texas ní Austin kọ iṣẹ́ àṣetiléwá lórí ìkejì yẹn, ó ní kò tíì kú, pé àwọn ìpínlẹ̀ ṣì lè fọwọ́ sí i. Máàkì C ni wọ́n fún un. Ó bínú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní 1992 ó di àtúnṣe kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Ní 2017, yunifásítì náà yí C rẹ̀ padà sí A.

Ọmọ Ọ̀yọ́

Ọdún márùndínlógójì lórí máàkì! Ẹ̀jẹ̀ Ọ̀yọ́ wà lára ẹni yẹn.

Ìyá Tóbi, Maryland

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Wọ́n pè mí lánàá. Òṣìṣẹ́ náà bi mí pé kí ni à ń pe àtúnṣe mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní "Bill of Rights", mo wá fẹ́ fi kún un pé méjìlá ni tẹ́lẹ̀, pé ẹnì kan ń jẹ́ Sherman. Mo wo ojú ọmọbìnrin yẹn, èèyàn ṣì pọ̀ lẹ́yìn mi tó ń dúró dè é, mo gbé ẹnu mi dákẹ́. Ó bi mí ní ìkejì. Mo yege. Àrẹ̀mú, mo ti gba ìwé mi bí ẹ ṣe wí.